Ẹ̀yin tó ti kúrò ní Paris lọ sí ìgbèríko Faransé, ilé odi àti etí adágún wo lẹ ti dé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lyon
Ẹ kú ilé o. Gbogbo àwòrán tí àwọn èèyàn wa ń gbé síbí láti ilẹ̀ Faransé, bí kò bá jẹ́ ilé gogoro Eiffel, ìsọ̀ aṣọ ni. Ẹni tó ti gba ọ̀nà oko lọ ni mo ń wá, tó ti wọ ilé odi àtijọ́, tó sì ti fẹsẹ̀ rìn létí adágún. Apá Doubs, lẹ́bàá ààlà Swítsálándì, ló wà lọ́kàn mi fún ìsinmi àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbẹ̀?

Bọ̀dá Tájù
Ká náwó físà ká lọ wo màlúù! Ó yá, mo ti jókòó, mo ń kà.

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Bọ̀dá Tájù, màlúù wà níbẹ̀ lóòótọ́, oníbátabàta pupa àti funfun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti Fort de Joux.

Láti Pontarlier, ìlú kan ní apá Doubs náà, ẹ ó gba ọ̀nà tó lọ sí Swítsálándì. Níbi tí òkè méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, tí ọ̀nà há sáàárín wọn, ẹ ó rí odi náà lókè àpáta. Kò sí ẹni tó lè kọjá kí ó má rí i. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọ tí wọ́n sì ń tún un kọ́. Vauban, ẹni tó ń mọ odi fún Ọba Louis Kẹrìnlá, fọwọ́ kàn án. Joffre náà, tó padà di ọ̀gágun àgbà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí oyè rẹ̀ ṣì kéré. Ẹni tó ń mú wa yíká sọ ti Mirabeau, tó padà di olóṣèlú ńlá ní Faransé, tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ní 1775, ó sọ ti kànga tó jìn wọnú àpáta. Mo ń gbọ́ ọ, àmọ́ yàrá kan ṣoṣo ni mo bá wá síbẹ̀.

Yàrá Toussaint Louverture ni. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Háítì lónìí. Òun ló kó àwọn ẹrú tó dìde ogun jọ, títí ó fi di gómìnà gbogbo ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1802, àwọn ọ̀gágun Napoleon fi ìpàdé tàn án, wọ́n dè é, wọ́n gbé e sọ́kọ̀ ojú omi. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó ti wà nínú odi yìí. Wọn ò gbé e dé ilé ẹjọ́ rárá. Ó kọ ìwé gígùn sí Napoleon láti ro ẹjọ́ ara rẹ̀, pàbó ló já sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1803, wọ́n bá òkú rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ààrò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni mo lọ, síbẹ̀ mo wọ ẹ̀wù òtútù. Ògiri yẹn tutù, omi ń sun lára òkúta. Ẹni tí gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ oòrùn, tí orí rẹ̀ ti ń hu ewú, wọ́n wá ń fọwọ́ wọn igi ìdáná fún un nírú ibẹ̀! Àwọn yòókù ti jáde, èmi ò lè gbẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham
Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà á, omi ti bọ́ lójú mi. Níbo ni wọ́n sin ín sí?

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Inú ilé ìsìn kékeré tó wà nínú odi náà ni, mà. Nígbà tí wọ́n tún odi kọ́ lẹ́yìn náà, ojú oórì dàwátì. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n bù fún Háítì ní 1983.

Akin Ọ̀yọ́
Ọmọ wa ni Toussaint. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kó baba rẹ̀. Yorùbá ni.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ rọra. Allada ni ìtàn sọ pé baba rẹ̀ ti wá, Allada kì í sì í ṣe ìlú Yorùbá. Ọ̀nà Kútọnu wa ni, bí a bá ti Sábẹ̀ẹ́ ń bọ̀. Ère Toussaint wà níbẹ̀. Àwọn Ajá ló ni ìlú wọn, ẹ jẹ́ kí oníǹkan ní nǹkan rẹ̀.

Akin Ọ̀yọ́
Ṣé kò sí Nàgó ní Háítì ni? Ògún tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́
Nàgó wà níbẹ̀, Ògún wọn sì ni Ògún tiwa. Èmi ò jiyàn ìyẹn. Ìyẹn kò sọ Toussaint di Yorùbá. Kátólíìkì paraku ni ọkùnrin náà lójú gbogbo ayé.

Akin Ọ̀yọ́
Ẹrú tó ń sọ pé Kátólíìkì lòun lójú ọ̀gá rẹ̀, ta ló mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ilé?

Ìyá Ìbejì Peckham
Bóyá Ajá ni o, bóyá Yorùbá ni o, òtútù ló pa á. Ẹ fi àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ ná.

Bọ̀dá Tájù
Adágún tí wọ́n bèèrè ńkọ́?

Fẹ́mi Arìnrìn
Èmi rèé. Lac de Saint-Point kò jìnnà sí odi yẹn rárá. Ó gùn tó kìlómítà méje, orí ilẹ̀ òkè ló wà, ní nǹkan bíi mítà 850 sókè òkun. Odò Doubs ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yí i ká, ẹ ó la Malbuisson, Saint-Point, Les Grangettes kọjá. Àmọ́ kí ẹ má rò pé etí omi lẹ ó máa wà ní gbogbo ìgbà: ọ̀nà á yà wọ pápá, á tún yà wọ igbó. Bí ẹ bá kan géètì pápá, tí ẹ ṣí i, ẹ tì í padà o! Agogo ọrùn màlúù lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ọ̀kankan. Gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé lọ́nà ló máa kí yín, bonjour kan níwọ̀n ara ẹ̀. Ní Paris, ta ló ń kí èèyàn?

Ní Malbuisson, ẹ wá Source Bleue. Ìsun omi ni, inú igbó ló wà, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìgbà tí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi aró sí ìkòkò.

Ìyá kan tó ń ta oyin lójú ọ̀nà sọ fún mi pé ìlú kan wà nísàlẹ̀ adágún náà, Damvauthier lorúkọ rẹ̀. Obìnrin kan gbé ọmọ dé ìlú náà lóru òtútù, ó ń kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti bo gbogbo wọn. Ìyá náà sọ ọ́ bí ẹni pé ojú ẹ̀ ló ṣe.

Ẹnjinníà Bádé
Àlọ́ nìyẹn. Yìnyín ńláńlá ayé ọjọ́un ló gbẹ́ ilẹ̀ tó sì wọ́ erùpẹ̀ dí ojú odò, tí omi fi dúró. Bí púpọ̀ nínú adágún òkè Jura ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Peckham
Bádé, ta ló bá ẹ jà? Ìyá mi pa irú àlọ́ yẹn fún wa ní Iléṣà, àlejò tí wọ́n lé, tí ìlú fi pa run. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òyìnbó abúlé náà ní tiwọn.

Ẹnjinníà Bádé
Ẹ má bínú, mà. Mo kàn ní kí àwọn ọmọ tó ń kà á mọ ibi tí omi ti wá.

Fẹ́mi Arìnrìn
Méjèèjì dùn-ún gbọ́. Nígbà òtútù, adágún yẹn máa ń dì, àwọn ará ibẹ̀ á máa fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀. Mouthe, níbi tí odò Doubs ti ń sun, kò jìnnà, Siberia kékeré ni wọ́n ń pè é. Ní 1968, òtútù ibẹ̀ wọ ìwọ̀n 36.7 nísàlẹ̀ òdo.

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Ẹ wò ó! Itòsí Mouthe yẹn náà ni yàrá tí mo ń sọ wà. Napoleon mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yan ibẹ̀.

Akin Ọ̀yọ́
Apànìyàn ni.

Bọ̀dá Tájù
Oúnjẹ wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Fẹ́mi Arìnrìn
Wàrà, Bọ̀dá Tájù. Comté, tí wọ́n ń gbé pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mont d'Or náà wà, inú àpótí pákó ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, tàpótí-tàpótí ni ẹ ó gbé e sínú ààrò, ẹ ó fi ọ̀dùnkún bọ̀ ọ́. Ìgbà òtútù lẹ ó rí ìyẹn. Ṣọ́séèjì Morteau náà wà, èéfín igi ni wọ́n fi ń yan án.

Alhaja Marseille
Ẹran kí ni ṣọ́séèjì yẹn?

Fẹ́mi Arìnrìn
Ẹlẹ́dẹ̀ ni o, mà. Ẹja adágún ni kí ẹ bèèrè.

Akin Ọ̀yọ́
Mo ti jẹ Comté rí. Wàrà Fúlàní tí wọ́n dín, tí ata bá a, kò sí Comté tó lè dúró níwájú ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Ẹ̀gbọ́n, ti oṣù mélòó lẹ jẹ? Èyí tí kò tíì gbó ni wọ́n tà fún yín. Ẹ gba èyí tó lé lọ́dún kan kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Olùkọ́ Ṣadé
Ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ padà sí ti ẹrú. Ẹni tó bá ń lọ sápá ibẹ̀, kó má fo Champagney, ní Haute-Saône. Ní 1789, ọba Faransé ní kí gbogbo abúlé kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn wá. Àwọn ará Champagney kọ ti owó orí àti ti ìyà tó ń jẹ wọ́n, bí gbogbo abúlé ṣe kọ. Àmọ́ ní ìpín 29, wọ́n bẹ ọba pé kó gba àwọn èèyàn dúdú lọ́wọ́ oko ẹrú. Ohun táwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ni pé, lára àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí èèyàn dúdú: ọ̀kan nínú àwọn amòye mẹ́ta tó lọ kí Jésù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ láti 1971, Maison de la Négritude, Senghor, ààrẹ Senegal nígbà náà, ló jẹ́ baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìpín yẹn sókè, ọmọ Kóńgò kan béèrè pé, "Wọn ò mọ̀ wá, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún wa?" Èmi náà ń ronú lé e di òní.

Lẹ́yìn náà a rìn lọ sí Bassin de Champagney. Adágún àtọwọ́dá ni, wọ́n ṣe é láti máa fún ọ̀nà omi àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lómi. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, àwọn ọmọdé lè gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Ẹnjinníà Bádé
Mo ń ṣiyèméjì, olùkọ́. Àgbẹ̀ tí ebi ń pa ní 1789, ṣé ọ̀rọ̀ ẹrú ló kàn án? Ọ̀mọ̀wé kan ló gbé e sí wọn lẹ́nu.

Olùkọ́ Ṣadé
Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní ọmọ ìlú kan, Priqueler, tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lóde tó mú un wálé. Àmọ́ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀ sí ẹni tó gbà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ló kọ̀wé lọ́dún yẹn, mélòó ló kọ irú èyí?

Ẹnjinníà Bádé
Mo gbà fún yín níbẹ̀.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́
Ọmọ Ìjẹ̀bú, o wà ní Lyon, o sì ń béèrè Doubs. Ṣé o ti dé Chasselay? Ẹ̀yìn ilé rẹ níbẹ̀ yẹn ni, láàárín oko àjàrà. Kò sí adágún níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ.

Ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù kẹfà 1940, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí Faransé kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dúró de àwọn Jámánì níbẹ̀. Paris ti bọ́ ná. Nígbà tí ọta ìbọn tán, tí wọ́n juwọ́ sílẹ̀, àwọn Jámánì ya dúdú kúrò lára funfun. Wọ́n yìnbọn fún àwọn dúdú, wọ́n sì fi ọkọ̀ ogun gun orí wọn. Ọkùnrin Faransé kan, Jean Marchiani, ló ń wá òkú wọn kiri inú oko tó fi ra ilẹ̀ láti sin wọ́n. Ògiri pupa ló yí itẹ́ náà ká, wọ́n mọ ọ́n bí ilé ilẹ̀ Súdáánì ti Faransé, tó ń jẹ́ Mali lónìí. Wọ́n ṣí i ní 1942. Sàréè 196 ló wà níbẹ̀. Tata Sénégalais ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n "Senegal" tí wọ́n ń pe gbogbo wọn yẹn, àwa Dàhòmì náà wà nínú irú ẹgbẹ́ ogun bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọ̀kan. Òun padà wálé, kì í sọ nǹkan kan nípa ogun. Bí a bá béèrè, á ní ká lọ bu omi wá.

Ìyá Ìbejì Peckham
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Àbúrò, mo kí ọ.

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Mi ò gbọ́ nípa èyí rí, ọdún tí mo ti ń gbé ilẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Mò ń lọ.

Akin Ọ̀yọ́
Àbúrò, lórí èyí, mi ò ní jiyàn kankan pẹ̀lú rẹ. Ṣé wọ́n kọ orúkọ sára sàréè náà?

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́
Ó wà lára àwọn kan, ẹ̀gbọ́n. Àwọn mìíràn, "Inconnu" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí a kò mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lyon
Ẹ ṣé gan-an. Chasselay ni màá kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé, ká tó wá lọ sí Joux àti adágún. Ọkọ̀ wo ni ká wọ̀?

Fẹ́mi Arìnrìn
Ẹni tó bá ti Paris bọ̀, TGV, rélùwéè wọn tó ń sáré, èyí tó ń lọ Lausanne máa ń dúró ní Frasne, ibẹ̀ lẹ ó ti wọ rélùwéè kékeré dé Pontarlier. Láti Lyon, pẹ̀lú ọmọ, mọ́tò ló dáa jù. Ẹ má dúró di ìgbà òtútù o, wọ́n máa ń ti odi náà pa.

Alhaja Marseille
Orúnkún mi ò gbà mí láàyè mọ́. Ṣé mo lè gun odi yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ Dijon
Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ mà, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún. Ẹ̀yin ẹ dúró ní Malbuisson, ìjókòó wà létí omi.