Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe ìdì ṣokoléètì rí, ẹ wá sọ bó ṣe lọ

Adé Asẹ́rò
Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ ìbí ìyàwó mi bọ́ sí Sátidé yìí, mo sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe ìdì ṣokoléètì fún un, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí igi bí òdòdó, tí wọ́n á fi ríbọ́ǹnù dì. Iye tí àwọn tó ń ṣe é tà ń pè é ju agbára mi lọ, àmọ́ kì í ṣe torí owó nìkan. Látìgbà tí màmá mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́dọ̀ wa, òun ló ń tọ́jú wọn tọ̀sán tòru. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo jókòó ti iṣẹ́ yìí nítorí òun. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Màmá Tóbi
Àbúrò mi, jókòó kí n rò fún ọ. Mo ṣe é fún ọkọ mi lóṣù kẹta ọdún tó kọjá. Mo ra ṣokoléètì 24 ní Kútọ̀, mo ra igi súyà, mo yọ fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n kan, mo gé e wọnú garawa kékeré. Ó wá ku bí mo ṣe máa lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi iná yọ́ ni kí n lò. Ha! Bí mo ṣe kán an sí ìdí ti àkọ́kọ́ báyìí, ojú mi ló ṣe, ṣokoléètì rọ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ lórí igi díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Mẹ́fà ló bàjẹ́ kí n tó gbọ́n. Sẹ́lótéèpù ni mo padà lò. Má gún un o! Ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ni kó o fi ti igi, kó o wá yí téèpù po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró digbí.
Àṣìṣe mi kejì, ọ̀kadà ni mo gbé e gùn láti Ọbáńtokò lọ sí Òkè-Ìléwó níbi iṣẹ́ ọkọ mi, aago kan ọ̀sán. Ká tó kọjá Kútọ̀, gbogbo wọn ti dorí kodò. Mo sunkún lórí ọ̀kadà yẹn. Ọkọ mi gbà á bẹ́ẹ̀, ó gbé e sínú fíríìjì ibi iṣẹ́ wọn, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ríbọ́ǹnù rẹ̀ ṣì wà lára dígí inú mọ́tò rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Ìjemọ̀
Oṣù kẹta kẹ̀! Oṣù kẹjọ ni ṣokoléètì ń rìn ní Abẹ́òkúta.

Délé Ọdẹ̀dá
Màmá Tóbi, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi. Òróró ara kòkó ló mú ṣokoléètì dì. Bí ooru bá ti tó bí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di omi nìyẹn. Ara èèyàn jẹ́ 37, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ lẹ́nu. Ọ̀sán oṣù kẹta níbí sì ń kọjá 34. Adé, ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ kó o tó rà á. Èyí tí wọ́n fi òróró ekùrọ́ ṣe dípò òróró kòkó sábà máa ń fara da ooru jù, àmọ́ kì í dùn tó ojúlówó.
Mo mọ̀ ọ́n torí oko kòkó ni bàbá mi fi tọ́ wa. A ó fi àdá la èso rẹ̀, a ó da hóró sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tún fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Tá a bá ṣí i, ooru rẹ̀ á gbá wa lójú, á máa rùn bí ọtí tó ti kan. Ìgbà yẹn la ó tó sá a. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ṣe é, wọn ò tọ́ ṣokoléètì wò rí. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi rà á fún wọn. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kòkó wa nìyí?"

Ìyá Ìbejì
Bọ̀ọ̀dá Délé, omi bọ́ lójú mi. Kòkó ni bàbá tiwa náà gbìn. Àwa ọmọ á máa lá omi funfun ara hóró rẹ̀, wọ́n á máa pariwo pé ká tu hóró padà sínú agbọ̀n, pé owó ilé ìwé wa ni.

Délé Ọdẹ̀dá
Owó ilé ìwé wa gan-an ni!

Tọ́pẹ́ K
Ẹ dákun, ṣé ṣokoléètì tí wọ́n ń tà fún wa yìí dára ṣá? Mo tò ó sórí igi tán, mo kó o sí fíríìjì. Iná lọ, iná dé, iná tún lọ. Ọjọ́ kejì ó ti hu funfun. Gbogbo 16 ni mo kó dà nù.

Délé Ọdẹ̀dá
Kò hu o. Òróró rẹ̀ ló yọ́, tó gòkè, tó tún dì. Ojú rẹ̀ ló bà jẹ́, kò ní pa èèyàn lára.

Tọ́pẹ́ K
Gbogbo 16!

Aláṣọ Ìtòkú
Adé, má ra bébà. Àdìrẹ ni kó o fi dì í, ìyàwó rẹ á lè fi ṣe gèlè kékeré lẹ́yìn náà. Àmọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa ná. Ẹnì kan ra tiwa, kò fọ̀ ọ́, ó gbé ìdì náà jáde látinú fíríìjì, ìdì náà làágùn, aró sì gba gbogbo ọwọ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ fún.

Kẹ́mi Adátán
Aró tó bá jinná kì í ṣí. Kàm̀pálà ni wọ́n tà fún un.

Aláṣọ Ìtòkú
Àǹtí Kẹ́mi, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí. Àdìrẹ tuntun gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀, elélùú, èyí tí wọ́n fi ewé elú pa láró, náà ń ṣí. Ẹ fi omi tútù ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Kẹ́mi Adátán
Ti ìyá ìyá mi ò ṣí rí.

Ìyá Ìbejì
Wọ́n ti fọ̀ ọ́ kó tó kàn yín ni.

Ṣẹ́gun Ṣàpọ́n
Ẹ fi owó ṣe é, kò ní yọ́. Bébà owó igba náírà, ẹyọ 50, ni mo fi ṣe ti ìyá mi, mo ká wọn bí òdòdó, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Ìjemọ̀
Gọ́ọ̀mù lára náírà? Ẹ rọra o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21: ẹni tó bá ba náírà jẹ́, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ṣẹ́gun Ṣàpọ́n
Nínú yàrá ìyá mi ni mo ti ṣe é, mi ò ná an lóde ijó.

Kẹ́mi Adátán
Ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n rí i ná? Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ẹja ní Ọmídá, kì í gba owó tó bá ti lẹ̀ pọ̀.

Ṣẹ́gun Ṣàpọ́n
Wọn ò tú u. Ó ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn.

Màmá Tóbi
Ṣokoléètì ni ọmọ yìí bi wá. Adé, ibo lo bá a dé?

Adé Asẹ́rò
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará, àná ni ọjọ́ náà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀, kí ooru tó dé. Àdìrẹ ni mo fi dì í, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣan án. Mo kó áìsì sí ìsàlẹ̀ kúlà, mo fi táwẹ́lì bò ó kí omi má kan àwọn ṣokoléètì. Bí mo ṣe ń yí téèpù, màmá mi jí, wọ́n ní kí ni mò ń ṣe. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n gbé wọn jókòó, kí n kó igi wá. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àmọ́ wọ́n ṣe méje. Téèpù ti wọn wú gbọ̀ngbọ̀n, igi rẹ̀ wọ́.
Ìyàwó mi rí i, ó kọ́kọ́ bi mí pé ta ló ṣe àwọn tó wọ́ yìí. Mo sọ fún un. Kò fèsì. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì màmá, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ti pín èyí tó kù fún àwọn ọmọ. Méje yẹn wà nínú ife nínú fíríìjì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Délé Ọdẹ̀dá
Bí iná bá lọ, tó wá funfun, kó má dà á nù o.

Tọ́pẹ́ K
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un dáadáa.

Màmá Tóbi
Adé, ṣé màmá rí ọ̀kan tọ́ wò?

Adé Asẹ́rò
Wọ́n jẹ ìdajì. Wọ́n ní kí n gbé ìdajì tó kù sábẹ́ ìrọ̀rí.