Ta ló lè bá mi dá ọkọ̀ inú àwòrán yìí mọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Nígbà tí a pín ogún bàbá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú ilẹ̀, àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan ló kan èmi àbíkẹ́yìn. (Mi ò bínú o.) Bàbá bàbá wa tó ń ta èkùrọ́ lọ́jà Èjìnrìn ló ni ín.

Òdà ni wọ́n fi yà á sórí aṣọ. Èéfín àtùpà ti sọ ojú ọ̀run ibẹ̀ di àwọ̀ tíì. Òpó mẹ́ta ló ní. Ìgbòkun onígun mẹ́rin wà lára méjì iwájú, ṣùgbọ́n òpó ìdí kò ní irú rẹ̀ rárá. Mo gbọ́ pé barque ni wọ́n ń pe irú èyí.

Àsíá pupa Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Láti 1864, ọkọ̀ oníṣòwò ló ni àsíá yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ ogun kan ń lò ó pẹ̀lú. Mi ò sì rí ojú ìbọn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà.

Igi àgbọn wà lẹ́yìn. Ìyàwó mi ní Èkó ni, àmọ́ yanrìn ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá ráyè wọlé nígbà yẹn.

Lára orúkọ ọkọ̀ náà, “LLA” nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ní ó di èèwọ̀! Ṣé kí n tú pátákó ẹ̀yìn férémù wò? Kí ni kí n máa wá níbẹ̀?