Hornby, Bachmann àbí Märklin: èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré, irú èyí tó ń sáré lórí irin nínú yàrá, kí èmi àtọmọ mi jọ máa lò ó. Hornby, Bachmann àti Märklin, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ni mo ń wò.

Hornby àti Bachmann tí wọ́n ń ṣe ní àwòṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè jọ sáré lórí irin kan náà, mìlímítà 16.5 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba iná lára irin. Märklin ti Jámánì yàtọ̀: àwọn ṣóńṣó wínníwínní wà láàárín irin méjèèjì, ibẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ti ń fa iná. Ẹni tó bá ti ra irin Märklin, Hornby ò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí owó irin kì í ṣe kékeré.

Ẹ sì mọ ọyẹ́ àdúgbò wa. Bí eruku bá bo irin, ẹ́ńjìnnì á máa dúró lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, èwo ló fara da eruku jù? Ta ló sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ní Ìlọrin?