Èmi àti ọkọ mi nìkan nínú ọkọ̀ onígbòkun, Grenada dé Martinique: ṣé ẹni méjì tó?

ÌyàwóOníọkọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ọkọ mi ra ọkọ̀ onígbòkun tòkúnbọ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 36, Grenada ló wà, láàárín àwọn erékùṣù Caribbean, ó ní tó bá di January a máa gbéra, àwa méjèèjì nìkan, ká gba Carriacou, Union Island, Tobago Cays, Bequia, St Vincent, St Lucia títí a fi máa dé Martinique, oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn ọmọ ti lọ yunifásítì, ilé ti dákẹ́, èmi náà fẹ́ bá a lọ o, kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Àmọ́ London la ń gbé, ìgbà tá a wọ ọkọ̀ láti Dover lọ sí Calais ńṣe ni mo ń bì títí a fi gúnlẹ̀. Mo lè lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, nínú púùlù ni ṣá. Ọkọ mi ní kí n má dààmú, òun á ṣe gbogbo ẹ̀, tèmi ò ju kí n máa dáná kí n máa jayé lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi.

BàbáOjúOmi:
Ẹ kú ìmúra ma. Ẹni méjì tó, èmi àti ìyàwó mi rin ọ̀nà yẹn lọ́dún 2023. January náà dáa, June sí November ni ìjì líle máa ń jà níbẹ̀, kó má bá yín lágbègbè yẹn rárá. Ẹ rántí ìjì Beryl, 1 July 2024 ló wọ Carriacou, àwọn ọkọ̀ tó sá pamọ́ sínú igbó etí omi ní Tyrell Bay, níbi tí gbogbo èèyàn gbà pé ó láàbò jù, ibẹ̀ ló ti kó wọn jọ tó fọ́ wọn mọ́ra wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ojú omi ibẹ̀ lójú méjì. Tẹ́ ẹ bá wà lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, òkè á dí atẹ́gùn, omi á parọ́rọ́ bí adágún, ẹ á ti máa rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe, àfi kí imú ọkọ̀ yọ sí gbangba láàárín erékùṣù méjì kí atẹ́gùn Atlantic gbá yín lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi sì máa tì yín sọ́hùn-ún. Grenada sí Carriacou ló le jù fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀, bíi máìlì 30, òkè ayọnáyèéfín kan sì wà lábẹ́ omi lójú ọ̀nà, Kick 'em Jenny lorúkọ ẹ̀, kìlómítà kan àtààbọ̀ yí i ká, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì dákọ̀ró nígbà tí oòrùn ṣì ga, torí òun lẹ máa fi rí òkúta abẹ́ omi: ibi tó bá dúdú bíi aró jìn, ibi tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ sá.

Ti èébì, ẹ lo oògùn láti alẹ́ tó ṣáájú, ẹ má wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ dáná lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jókòó síta kẹ́ ẹ gbájú mọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

ÀdùnníOnígbòkun:
Àǹtí mi, ibi tí ọkọ yín ti ní òun á ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ má gbà. Tó bá yọ̀ ṣubú sómi ńkọ́, ta ló máa gbé e? Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ yẹn.

Nígbà tá a wà ní Bequia, ọkọ mi so garawa méjì mọ́ ọ̀kan lára àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó má bàa ha, ó jù ú sómi láìsọ fún mi, ó ní "èmi nìyẹn, wá gbé mi." Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n ju ohun tó ń léfòó sí i, kí n tẹ bọ́tìnì GPS kó lè sàmì sí ibi tó ṣubú sí, kí n yí imú ọkọ̀ kọjú sí atẹ́gùn kó lè dúró, kí n wò ó dáadáa pé okùn kankan ò sí nínú omi kí n tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọjá lára ẹ̀ kí n tó mú un, mò ń sunkún. Nígbà tá a dákọ̀ró, òun fúnra ẹ̀ bọ́ sómi ká tún dán an wò, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò tiẹ̀ mì. Okùn tá a fi ń fa ìgbòkun sókè ni mo fi kọ́ bẹ́líìtì ara ẹ̀, mo wá ń fi wínńṣì, ẹ̀rọ tá a fi ń wé okùn, yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo tó ń sùn dáadáa nínú ọkọ̀ yẹn.

Nítorí náà ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa di ìdarí mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń dákọ̀ró, kí òun lọ bá ṣéènì ìdákọ̀ró níwájú, iṣẹ́ alágbára nìyẹn. Omi mítà 5, kó tú ṣéènì mítà 25. Ní Tobago Cays òkúta abẹ́ omi dá ìgbì dúró àmọ́ kò dá atẹ́gùn dúró o, gbogbo òru ló máa ń fẹ́ fùù, ẹ á sì jí láàárọ̀ rí ìjàpá òkun tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín.

OníPásípọ́ọ̀tù:
Ẹ jọ̀ọ́ ma, ìwé Nàìjíríà àbí ti Britain lẹ ní? Martinique jẹ́ ti Faransé lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ Schengen, físà Schengen nìkan ò tó. Carriacou àti Grenada, orílẹ̀-èdè kan náà ni, Union Island, Tobago Cays àti Bequia ti di ti St Vincent. Gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ bá wọ̀, ẹ ta àsíá yẹ́lò, kẹ́ ẹ lọ rí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n kẹ́ ẹ tó rìn káàkiri.

ÌyàwóOníọkọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, ìwé Britain làwa méjèèjì ní. Àdùnní, mo ka tìẹ sí ọkọ mi létí, ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun ò ronú dé ibẹ̀ rí. A ti forúkọ mi sílẹ̀ fún Competent Crew, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí RYA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ onígbòkun ní Britain, ṣètò, ọjọ́ márùn-ún ní Southampton, nínú òtútù yìí náà. Ọ̀kan ló kù: oúnjẹ ńkọ́?

BàbáOjúOmi:
Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́jà St George's, olú ìlú Grenada, ma, ará ilé sì làwọn èèyàn ibẹ̀: wọ́n ń bọ Ṣàngó ní Grenada títí di òní, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni wọ́n kó débẹ̀ lọ́dún 1849. Ìyá kan tó ń ta iṣu gbọ́ tí mò ń bá ìyàwó mi sọ Yorùbá, ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Gààrí ni kẹ́ ẹ gbé láti London.