Àbọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ àgbọ̀n mi tó ń wú: òkúta ni

Mo padà dé o. Ẹ rántí pé mo bi yín léèrè níbí nípa abẹ́ àgbọ̀n mi lápá òsì, tó máa ń wú bí mo bá ti ń jẹun, tí á tún rọlẹ̀ tó bá yá. Kì í ṣe eyín rárá (díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ ọ̀kan dànù fún mi ní Súrùlérè!). Ẹni tó ní kí n lọ sí LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà ló gbà mí. Wọ́n fọwọ́ wá abẹ́ ahọ́n mi, wọ́n ya X-ray: òkúta ló dí ọ̀nà tí itọ́ ń gbà dé ẹnu. Abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ kú, wọ́n là á, wọ́n yọ ọ́. Ó tó hóró àgbàdo.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ ní kí n máa lá mú itọ́ sun lóòótọ́, àmọ́ òkúta náà ò mì, ìrora ló fi kún un. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi ṣì kú díẹ̀. Ẹ ṣé. Mo jẹ ẹ̀bà lánàá, kò wú.