Bíà Amẹ́ríkà ní Ireland: ẹ dojú agolo dé kí ẹ tó sanwó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí àwọn yòókù náà wá sọ tiwọn.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wa takisí ní Dublin. Òfin ibí kò gba gbẹ̀rẹ́ fún awakọ̀ tó bá mutí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, mílígíráàmù 50 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ààlà rẹ̀. Àwa tí à ń fi ọkọ̀ gbérò, 20 péré ni tiwa. Ife kan lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹni. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń mu, torí n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Agolo kan ni, bó bá pọ̀ jù, méjì. Ẹni tó jẹ́ pé agolo méjì ló ní lọ́sẹ̀, kò yẹ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ní bíà Amẹ́ríkà, Budweiser ni ọkàn mi ń lọ bá, èyí tí wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún pọn ní Ireland níbí. Star àti Gulder ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nílé. Bàbá mi, Guinness ti Ikeja ló ń mu lọ́jọ́ ọdún, ìyẹn tó lágbára tó 7.5%. Nígbà tí mo dé Dublin tí wọ́n gbé Guinness ẹnu ẹ̀rọ fún mi, 4.2%, mo rò pé wọ́n ti bu omi là á ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Cavan, awakọ̀ bíi tèmi, ló mú mi lọ sí ilé ọtí kan ní Capel Street. Ó ní kí wọ́n fún mi ní Sierra Nevada Pale Ale, ìgò kúkúrú tó ní bébà aláwọ̀ ewé lára. Mo ní kí agbọ́tí mú èyí tó tutù jù lọ wá, bí a ṣe ń béèrè nílé. Ó ní kí n jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pé bó bá tutù jù, imú mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró. Nígbà tó yá, ó tẹ ife dà, ó ń rọra da ọtí náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ó dúró, ó fi hàn mí: ìwúkàrà ló silẹ̀ síbẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Mo gbé ife sí imú. Bí ẹ bá ti fi èékánná ha èèpo ọsàn rí, tí omi kékeré yẹn ta sókè, ẹ ti mọ òórùn rẹ̀. Mo mu ún, ó korò, ó gbá mi lẹ́nu mú, lẹ́yìn náà ni adùn kan wá ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí a mu tẹ̀lé obì. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì wa ń wò mí bóyá màá fajú ro. Ẹni tó fi ewúro jẹ iyán dàgbà, tó ń rún orógbó níbi ìsọmọlórúkọ, ìkorò wo ló fẹ́ bà á lẹ́rù?

Họ́ọ̀pù ló fún un ní òórùn yẹn, òdòdó ewéko kan tó ń lọ́ mọ́ okùn gòkè bí iṣu ṣe ń lọ́ mọ́ ọ̀pá. Irú èyí tó wà nínú Sierra Nevada ni wọ́n ń pè ní Cascade. Oregon ni wọ́n ti mú un jáde, ọdún 1972 ló sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà lónìí. Ken Grossman, tó ń pọn bíà fún ara rẹ̀ nílé, àti Paul Camusi ló dá Sierra Nevada sílẹ̀ ní ìlú Chico, California, lọ́dún 1980, irin àlòkù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wàrà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó jẹ́ kí ará Amẹ́ríkà lè pọn bíà nínú ilé rẹ̀ láìrú òfin. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ìyá ìyá mi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́yìnkùlé títí ó fi dàgbàlagbà, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí. Oṣù Kẹsàn-án ni. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọtí kan nítòsí Blanchardstown, mo rí agolo IPA kan láti California, ìyẹn India Pale Ale, irú bíà tí wọ́n ń fi họ́ọ̀pù púpọ̀ pọn, wọ́n ti já owó rẹ̀ wálẹ̀. Mo dojú agolo dé. Wọ́n tẹ PKG sí ìdí rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n wá kọ 04/09 àti ọdún náà tẹ̀lé e. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án la wà. Inú mi dùn: ọjọ́ méje péré! Mo kó mẹ́fà. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n, òórùn ọsàn ti fò lọ, ohun tó kù ń rùn bíi páálí tí òjò pa. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú síǹkì, ó sì dùn mí, torí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn retí rẹ̀.

Ará Cavan yẹn náà ló là mí lójú. Ó ní oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ni 04/09 yẹn! Bíà náà ti lo oṣù márùn-ún kí n tó rí i. Èmi náà ì bá ti ro ó: báwo ni bíà tó ń gba orí omi bọ̀ nínú kọ̀ǹténà ṣe máa kúrò ní California kó dé Blanchardstown láàárín ọjọ́ méje? Ooru àti atẹ́gùn díẹ̀ tó bá wọ inú agolo ló ń pa òórùn họ́ọ̀pù, kò sì sí ohun tí fíríìjì tiyín lè ṣe sí i bó bá ti kú. Nítorí náà, bí nọ́ńbà kejì bá ti ju 12 lọ, ọkàn yín balẹ̀, ọjọ́ ni. Èyí tí nọ́ńbà méjèèjì kò bá ju 12 lọ ni kí ẹ fẹ̀sọ̀ kà. IPA tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, èmi kò fọwọ́ kàn án mọ́, bó ti wù kí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.

Ní ti owó, òfin tó ti sọ iye tó kéré jù tí wọ́n lè ta ọtí ní Ireland láti ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2022, sẹ́ńtì 10 fún gíráàmù ọtí kọ̀ọ̀kan, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá. Agolo mìlílítà 440 tó jẹ́ 7% kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi €2.43 lọ, irú èyí tí à ń wí yìí sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kí òfin ọ̀hún tó dé. Mò ń retí tiyín o.

*

Bọ̀dá, ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlú Cork ni mo wà, ìlú bíà dúdú Murphy's àti Beamish. Nílé, obìnrin tó bá jókòó ti ìgò bíà, ojú ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pé ọdún méjì níbí kí n tó gbà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú mi jáde. Brooklyn Lager ni mo kọ́kọ́ mu. Kò korò tó tiyín, ó ń ta sánsán bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ìdí rẹ̀ wá ní ìkorò díẹ̀ tó mú kí n tún gbé e sẹ́nu.

Mo lọ wá ìtàn wọn kà. Steve Hindy, oníròyìn tó ṣiṣẹ́ ní Àárín Ìlà-Oòrùn, gbọ́ nípa pípọn bíà nílé lẹ́nu àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tó ti gbé ní Saudi Arabia rí, níbi tí ọtí ti jẹ́ èèwọ̀. Òun àti Tom Potter ló dá Brooklyn Brewery sílẹ̀ lọ́dún 1988. Èyí tó gbá mi láyà jọ ni pé ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Garrett Oliver, di olórí apọntí wọn lọ́dún 1994, àti pé ó ń fi fonio pọn bíà. Ẹ̀yin tí ẹ sìnrú ìlú ní Plateau mọ̀ ọ́n: acha ni! Pankshin ni wọ́n gbé mi lọ. Ìyá onílé mi a máa fẹ́ acha nínú atẹ, ọkà náà kéré bí iyanrìn, bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, a fi ara rẹ̀ dènà rẹ̀ kó má bàa gbé e lọ. Ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ fonio yẹn, mo pè é lórí fóònù. Ó ní ṣé àwọn òyìnbó náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta inú rẹ̀? Mo ní n kò mọ̀, Mama. Ó ní kí wọ́n wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ òun.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún tiyín, Bọ̀dá: ẹ máa wo ẹni tó ni ọtí náà pẹ̀lú. Lagunitas tí ẹ ń rí káàkiri, Heineken ló ni ín pátápátá láti ọdún 2017. Goose Island ti Chicago ti wà lọ́wọ́ Anheuser-Busch, àwọn tó ni Budweiser, láti 2011. Mi ò sọ pé kí ẹ má mu wọ́n, mo máa ń mu wọ́n. Àmọ́ bí owó mi bá kéré, mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo bíà ló ń bà jẹ́ báyìí, àbí IPA nìkan?

*

Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Galway ni èmi wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Maryland, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Bíà tí òfin gbà kí ẹni tó ti ẹ̀yìn Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá kó wọlé láìsanwó orí jẹ́ lítà 16. Mo ṣírò rẹ̀, agolo mìlílítà 355 márùndínláàádọ́ta ni, ṣùgbọ́n àpótí mi kò lè gbé e. Agolo méjìlélógún Duckpin, ti Union ní Baltimore, ni mo kó, mo fi ìgò Loose Cannon méjì ti Heavy Seas kún un. Aṣọ òkè tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí màmá wa ni mo fi wé àwọn ìgò náà. Mo rò pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù.

Ìgò kan fọ́. Nígbà tí mo ṣí àpótí, òórùn ọsàn àti gọ́ọ̀mù igi ló kọ́kọ́ pàdé mi, mo sì ti mọ̀ kí n tó tú aṣọ. Mo fi ọwọ́ ṣa àfọ́kù ìgò kúrò nínú rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ òótọ́ fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé ọwọ́ mi kò gé?

Agolo kọ̀ọ̀kan kò tíì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ nígbà tí mo ṣí wọn. Ẹ̀gbọ́n, mo ti mu bíà Amẹ́ríkà ní Galway bí ọdún mẹ́ta kí n tó lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ ni mo ti ń mu. Ẹ má sì retí sẹ́ńtì 15 tí wọ́n ti ń dá padà ní Ireland láti oṣù Kejì 2024 fún ẹni tó bá ki agolo òfìfo sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń ti agolo tí a kó láti òkè òkun jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi sí i tó ń dá a padà fún mi.

Láti ìgbà náà, Of Foam and Fury ni mò ń rà, 8.5%, àwọn Galway Bay ló ń pọn ọ́ níbí, bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́ ní California ni wọ́n ń pọn ọ́, họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń jáde tútù yọ̀yọ̀. Lójú tèmi, bíà Amẹ́ríkà ni, ìrìn àjò nìkan ni kò rìn.

*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ fún aṣọ yẹn. Mo ti mu ọtí tí o dárúkọ yẹn, ó dára gidi, àmọ́ n kò lè pè é ní bíà Amẹ́ríkà. Omi ibẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó pọn ọ́ wà nínú rẹ̀, ti Ireland ni, kí a sì fi iyì rẹ̀ fún wọn.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Èyí tí wọ́n pọn fún òórùn họ́ọ̀pù ni ọjọ́ ń pa. Èyí tó lágbára, tó sì nípọn, lè dúró. Sierra Nevada ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Bigfoot, 9.6%, àwọn èèyàn máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní ìgò kan tí mo rà lọ́dún tí ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, níbi tí oòrùn kò dé. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kẹrin báyìí, n kò tíì ṣí ìgò náà.