"Fi òfin mú": ta ló fi òfin sí i?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ohun tí ó yẹ ká máa kọ ní Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá "arrest", ìyẹn nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn. Ọ̀gá wa kan dábàá "ìfòfinmúni", wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn àti rédíò ti ń sọ ọ́: "wọ́n fi òfin mú un", tàbí "wọ́n fi ṣìkún òfin gbé e". Àǹtí wa tí wọ́n jẹ́ agbẹjọ́rò ní "ìmúni" lásán ti tó. Ẹ̀yìn Àǹtí ni mo wà, kì í sì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ ti Ọ̀gá gùn.

Bí a bá ti fi "òfin" sínú orúkọ ìṣe náà, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n fi òfin mú òun ti jẹ́rìí fún ẹni tó mú un. Báwo ni yóò wá ṣe sọ pé ìmúni náà kò bófin mu? Ìkéde Káríayé fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 1948, nínú ẹ̀dà Yorùbá rẹ̀, bọ́ sínú kòtò yìí gan-an ní abala 9, níbi tó ti ní a kò gbọdọ̀ "ṣàdédé fi òfin mú ènìyàn". Bó bá jẹ́ òfin ni wọ́n fi mú un, kí ni ó ṣàdédé níbẹ̀? "Mú" ní tirẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: ajínigbé ń mú ènìyàn, ọlọ́pàá ń mú ènìyàn, òtútù pàápàá ń mú ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ó bófin mu, kó sọ ọ́ lọ́tọ̀, kó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí bí a ṣe ń bójú tó ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn (n kò kọ "ẹjọ́ ọ̀daràn", nítorí afurasí kò tíì di ọ̀daràn) sọ pé ẹni tó ń múni gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara ẹni náà tàbí kó há a mọ́, àyàfi tí ẹni náà bá fi ẹnu tàbí ìṣe rẹ̀ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ara ni wọ́n fi túmọ̀ ìmúni, wọn kò fi òfin túmọ̀ rẹ̀.

Èyí ló fi jẹ́ pé n kò lè gba àbá kejì, pé kí "ìpè" dúró fún ìmúni tí kò le. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sin ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta pákó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Oníbàárà tó ti sanwó tí pákó rẹ̀ kò tíì dé ló lọ fẹjọ́ sùn. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ní, "Bàbá, a ò mú yín o, a kàn pè yín ni." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ń na ọwọ́ gba fóònù, fìlà àti bẹ́líìtì ẹ̀gbọ́n mi, ó kó wọn sínú àpótí káńtà, ó sì ní kí wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú títí oòrùn fi wọ̀. Ẹni tí a pè lè dìde nígbà tó bá wù ú. Ẹni tí kò lè dìde, wọ́n ti mú un, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Òfin 2015 yẹn kan náà sì ní a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn.

Lórí mímú ìyá nítorí ọmọ tó sá lọ, tí òfin náà tún kà léèwọ̀, ẹnìkan dábàá "ìdógò". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Láyé àtijọ́, ẹni tó dógò ti onígbèsè ló máa ń lọ jókòó sí ilé onígbèsè náà, tó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Kò gbé ìyá ẹnikẹ́ni lọ. "Ìmúdípò" ni kí a kọ.

"Àṣẹ ìtúsílẹ̀" náà kò tọ́ fún "habeas corpus", àṣẹ àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lé lórí ní 1679. Àṣẹ náà kì í túni sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó ti ènìyàn mọ́lé ni pé kó gbé e wá síwájú adájọ́, kó sì wí ìdí tó fi tì í mọ́lé. "Àṣẹ gbé-e-wá" ni mo fara mọ́. Ẹ má sì jẹ́ ká pe "common law", òfin tí ìdájọ́ àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì bí, ní "òfin àpapọ̀", nítorí Àbújá ni òǹkàwé yóò rò.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Fún ìyá kan ní Ìkọ̀lé tó ń pe ilé ní "ulé", èdè wo nìyẹn, bí kì í bá ṣe èyí tí a ń jiyàn lé lórí yìí?

Ibi tó ṣòro jù fún mi ni "ìlànà tó yẹ", tí wọ́n dábàá fún "due process". Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1354, nígbà Edward Kẹta, ní a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni, ká fi í sẹ́wọ̀n tàbí ká pa á, láìjẹ́ pé wọ́n mú un wá dáhùn lọ́nà òfin. Dídáhùn yẹn ni "ìlànà" kò gbé. Ẹni tó gba bẹ́líìtì ẹ̀gbọ́n mi náà ń tẹ̀lé ìlànà. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì ti gbìyànjú "ìgbọ́tẹnu-ẹni", ṣùgbọ́n ó ń forí gbárí pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ìgbẹ́jọ́ ("fair hearing") tó wà ní abala 36 ìwé òfin 1999 yẹn. Ní báyìí, "kí ẹjọ́ gba ojú ọ̀nà òfin" ni mo ń kọ. Bí Àǹtí bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́.